Ilé Tí Òdo Ń Gbé

Inú gíláàsì ló ti kọ́kọ́ rí i.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá, oòrùn ti ń gbóná lórí páànù, Tíṣà sì dúró níwájú bọ́ọ̀dù, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún bí a ṣe ń tú nọ́ńbà ká. Ó ti kọ 4,037. Ó ti kọ 4,000 + 30 sí abẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ní kí òun kọ èyí tó kù, ó gbójú síta, ó rí abala gíláàsì ńlá kan tó ń gba àárín ọgbà ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ẹsẹ̀ méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìka mẹ́jọ wà létí rẹ̀, láàárín rẹ̀ gan-an sì ni ojú ọkùnrin kan wà, ó dúdú, ó ń dán fún òógùn, ó ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni pé wọ́n ti mọra tipẹ́.

"Méje, Tíṣà," ni ọmọ kan wí láti ẹ̀yìn. "Ó ku méje."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Tíṣà yìí, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Obìnrin tí kì í gbàgbé nǹkan ni. Tíṣà Tú-u-ká làwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní sọ pé kẹ́ ẹ tú u ká, kí kálukú padà sílé rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì gbàgbé méje rí.

Ọkùnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ ti ògiri, ó nu ojú. Onígíláàsì ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. "Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. Fèrèsé tí ìjì fọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo bá wá. Wọ́n fi ìwé ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ káàbọ̀. Èmi ni mo kọ ìwé yẹn."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ lọ́wọ́ ìkọ̀wé tó dáa báyẹn?"

"Ẹ kọ́kọ́ gbé e wọlé ná, kẹ́ ẹ tó máa yìn mí."

Ó gbé gíláàsì náà sójú fèrèsé. Kò wọlé. Kì í sì í ṣe pé ó fi díẹ̀ tóbi o. Ibi tó fi lé, ewúrẹ́ lè gbabẹ̀ kọjá láìforí gbá nǹkan kan. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo ẹnu.

Ó fa ìwé yọ lápò. "Mítà kan póìntì méje lẹ kọ."

"Mítà kan póìntì òdo méje ni mo kọ. Ẹ wò ó dáadáa."

Ó wò ó. "Ẹ̀n, òdo wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òdo kì í ṣe nǹkan kan, mo kàn fò ó ni."

Gbogbo ọmọ kíláàsì yíjú sí Tíṣà. Nínú yàrá yẹn, ẹni tó bá sọ pé òdo kì í ṣe nǹkan kan, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọ̀ràn.

Tíṣà lè dójú tì í bó bá fẹ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún àpá wẹ́wẹ́, ó wo bó ṣe dúró láìṣojo, láìjiyàn, ó sì ní, "Ẹ jókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Onígíláàsì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Tíṣà ya ilé mẹ́ta sórí bọ́ọ̀dù: ilé ẹyọ, ilé ìdá mẹ́wàá, ilé ìdá ọgọ́rùn-ún. Ó fi póìntì sáàárín èkíní àti èkejì. Ó fi 1 sínú èkíní, 0 sínú èkejì, 7 sínú ẹ̀kẹta.

"Ta ló wà nílé ìdá mẹ́wàá?"

"Kò sẹ́nì kankan," làwọn ọmọ dáhùn.

"Nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé, ṣé ká wó ilé náà?"

"Rárá, Tíṣà."

"Kí ló dé?"

Ọmọbìnrin kan dìde. "Tá a bá wó o, méje á sún wọ ibẹ̀, á wá máa pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́."

"O káre. Nílé tirẹ̀, sẹ̀ǹtímítà méje ni, ìbú ìka mẹ́rin péré. Bó bá sún wọ ilé ìdá mẹ́wàá, ó di sẹ̀ǹtímítà àádọ́rin. Òdo ló ń ṣọ́ ààyè kó má bàa sún." Ó kọ ọ́ gbọọrọ: 1 + 0/10 + 7/100. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀yìn. "Ṣó yé gbogbo wa?"

"Ó yé wa, Tíṣà," ni Onígíláàsì dáhùn pẹ̀lú àwọn ọmọ, ohùn rẹ̀ sì ki ju ti gbogbo wọn lọ. Ẹ̀rín pa kíláàsì, ó pa òun náà.

Orí bá a ṣe é, nítorí gíláàsì tó tóbi jù ṣeé gé, èyí tó kéré jù ni kò ní àtúnṣe. Ó tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì méjì. Ó fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, ó gbé e sójú fèrèsé, ó fi pẹ́ńsù sàmì sí i, ó tún gbé e sórí gíláàsì. Kò wo nọ́ńbà kankan. Ó fi irin ìgégíláàsì fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fi ìka kàn án lábẹ́, gíláàsì náà sì pín sí méjì pẹ̀lú ìró kékeré kan, etí rẹ̀ gún régé. Ó gbé e sójú fèrèsé, gíláàsì náà sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Tíṣà mọyì iṣẹ́ tó mọ́, kò lè gbójú kúrò lára ọwọ́ yẹn.

"Ọ̀pá mi kì í parọ́," ni Onígíláàsì wí bó ṣe ń kó irinṣẹ́ rẹ̀.

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pá yín ò lè kàwé."

Ó dáwọ́ dúró. "Òótọ́ lẹ sọ. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń lọ síbi iṣẹ́ fúnra mi. Nísinsìnyí, ìwé ni gbogbo ọ́fíìsì ń fi ránṣẹ́, póìntì ló kún inú wọn. Ṣé ẹ lè kọ́ mi?"

Bó ṣe bi í nìyẹn, láìwo ẹ̀gbẹ́ wo ẹ̀yìn, lójú gbogbo ọmọ kíláàsì. Mi ò mọ ohun tó ń wu àwọn obìnrin míì o, ṣùgbọ́n ohun tó wu Tíṣà nìyẹn.

"Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, bí àwọn ọmọ bá ti lọ," ló dáhùn. "Ẹni tó bá pẹ́, màá tì í síta."

"Ẹ ò ní rí ẹni tì síta."

Nǹkan kan ṣoṣo ni Tíṣà ṣe lọ́jọ́ yẹn tó wá dùn ún lẹ́yìn ọ̀la. Nígbà tó délé, ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún bàbá rẹ̀ bí ẹ̀fẹ̀. Bàbá Awọnlẹ̀ ni wọ́n ń pe bàbá náà. Ilẹ̀ ló ń wọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyá Tíṣà kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, bàbá yìí nìkan ló tọ́ ọ, òun ló sì ń kun bàtà rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ti pé ọgbọ̀n ọdún. Ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ ni, ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín.

"Ó fo òdo?" ni bàbá bi í.

"Ó fò ó, Bàbá mi. Ó ní kì í ṣe nǹkan kan."

"Ẹni tó bá lè fo òdo ò ṣeé fi nǹkan ṣọ́," ni bàbá wí, ó sì ń bá tíì rẹ̀ lọ.

Onígíláàsì kò pẹ́ lọ́jọ́ kankan. Á wẹ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, á jókòó síwájú pátápátá. Lọ́sẹ̀ kejì, Tíṣà kọ 47 sí bọ́ọ̀dù, ó ní kó tú mẹ́tàdínláàádọ́ta ká. Ó dìde pẹ̀lú ìgboyà, ó kọ 50 − 3, ó yí padà, ó ń retí ìyìn.

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

"Kí ló pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Àádọ́ta, ẹ yọ mẹ́ta kúrò. Bá a ṣe ń pè é náà nìyẹn. Bí ìyá mi ṣe ń kà á nìyẹn."

"Ó tọ̀nà. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó tọ̀nà, kò sì wúlò fún wa. Ẹ ti sọ ohun tí kò sí níbẹ̀ fún mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀."

Ó ronú sí i, ó pa á rẹ́, ó kọ 40 + 7. "Ẹ̀yin olùkọ́ yìí, ẹ ò rọrùn."

"Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ẹ ò dákẹ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tó yí padà. Onígíláàsì ti ń ka ìwé ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, ó ń tú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ká kó tó fọwọ́ kan irin. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, á sin Tíṣà délé, á dúró síwájú fèrèsé pálọ̀ bàbá rẹ̀, á máa rìn lọ rìn bọ̀ níwájú rẹ̀ títí Tíṣà á fi wọlé tán pátápátá, tí á sì juwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, òjò ká wọn mọ́ kíláàsì. Onígíláàsì ń fọwọ́ yí bírò, kò sọ̀rọ̀, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀.

"Kí ló ń dùn ọ́?" ni Tíṣà bi í.

"Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, àmọ́ mo ti ṣírò ara mi, mo rí i pé mo dín. Mi ò kàwé kọjá kíláàsì mẹ́fà. Mi ò ní ìwé ẹ̀rí. Bàbá mi ò fi ilé sílẹ̀ fún mi. Mi ò mọ èèyàn kankan."

Tíṣà na ṣọ́ọ̀kì sí i. "O tún ti ń yọ. Lọ sí bọ́ọ̀dù, kó o tú ara rẹ ká fún mi. Ohun tó wà níbẹ̀ nìkan ni kó o kọ."

Ó rò pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n ojú Tíṣà ò ṣàwàdà. Ó lọ. Ó kọ ọwọ́ méjì. Ó kọ ọdún mọ́kànlá lẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ ṣọ́ọ̀bù kan, ó kọ ìyá tó ń gbàdúrà fún un. Ó ronú díẹ̀, ó kọ "òótọ́ ni mo máa ń sọ", ó dúró.

"Ó tán?"

"Ó tán."

"O fo ẹnì kan."

"Ta ni?"

"Èmi ni."

Ṣọ́ọ̀kì kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Òjò ń lu páànù, kò gbọ́ ọ. Ó rìn wá síbi tí Tíṣà jókòó sí, ó ní, "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Tíṣà mi. Láti ọjọ́ tó o ti ní kí n jókòó lẹ́yìn dípò kó o lé mi síta."

"Mo mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń dúró kó o sọ ọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, alágídí." Inú rẹ̀ dùn débi pé ojú rẹ̀ kún, kò sì fi pa mọ́.

Àwọn méjèèjì ò ṣòro. Bàbá ló ṣòro. Tíṣà sì ti là á mọ́lẹ̀ fún olólùfẹ́ rẹ̀: òun ò ní fẹ́ ọkùnrin míì, ṣùgbọ́n òun ò lè kúrò nílé lọ sílé ọkọ láìjẹ́ pé bàbá òun fọwọ́ sí i, nítorí òun nìkan ni bàbá náà ní láyé. "Bó bá kọ̀, èmi ni màá wà láàárín yín títí tí màá fi gbó," ló wí. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn, kò sí èyí tó tóbi jù ú lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Onígíláàsì wá kí Bàbá Awọnlẹ̀. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sọ ẹni tóun jẹ́, ó sọ ohun tóun bá wá. Bàbá gbọ́ ọ dópin.

"Ṣé ìwọ lẹni tó fo òdo?"

Tíṣà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gé ètè jẹ. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ta á.

"Èmi ni, Bàbá," ni Onígíláàsì dáhùn. "Mi ò fò ó mọ́."

"A ó rí i." Bàbá tọ́ka sí fèrèsé pálọ̀ tó ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Mo fẹ́ gíláàsì tuntun síbẹ̀, odidi kan, mi ò fẹ́ èyí tí wọ́n so pọ̀. Èmi fúnra mi ti wọ̀n ọ́n. Ìwé ni màá fún ọ, ọ̀pá rẹ ò gbọdọ̀ wọ ilé mi. Gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá. Bó bá wọlé, jókòó ká sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Bí kò bá wọlé, kó o má padà wá."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Tíṣà sìn ín dé ìta, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe nǹkan kan nìyẹn. Ojú oorun lo máa fi gé e."

Òun náà gbà pé kì í ṣe nǹkan kan. Abala gíláàsì tó nípọn tó sì gùn tó bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ ku ẹyọ kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òmíì ò sì ní í dé fún oṣù púpọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó tẹ́ ìwé Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbú: 2.035. Ó tú u ká gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: 2 + 0/10 + 3/100 + 5/1000. Mítà méjì. Ilé ìdá mẹ́wàá ṣófo. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, àti ìdajì ọ̀kan.

Ó gbé irin, ó tún gbé e sílẹ̀.

Mítà méjì àti ìka méjì. Ó ti rìn lọ rìn bọ̀ níwájú fèrèsé yẹn fún oṣù mẹ́ta. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta ni, ó sì mọ ìgbésẹ̀ ara rẹ̀. Mítà méjì àti ìka méjì ò lè gba mẹ́ta nínú rẹ̀ láéláé. Bó bá jẹ́ ìgbà tí kò tíì mọ nọ́ńbà tú ká ni, ì bá ti gé e, nọ́ńbà ì bá kàn jẹ́ àmì lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí, nọ́ńbà ń bá a sọ̀rọ̀, ohun tó sì ń sọ ni pé ọwọ́ bàbá arúgbó ti ṣì. Òdo ti wọ ilé mẹ́ta, mẹ́ta ti wọ ilé òdo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí Tíṣà ṣì wà níbi iṣẹ́, ó lọ bá Bàbá lóun nìkan. Kò fẹ́ kí ọmọ gbọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọn fèrèsé yìí lẹ́ẹ̀kan péré."

"Mo ti mọ̀ pé o ò ní lè kà á."

"Mo kà á, Bàbá. Mo tú u ká. Mo rò pé òdo ti ṣí kúrò nílé rẹ̀ nínú ìwé yìí. Bí mo bá gé e báyìí, kò ní dé etí fèrèsé."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí ojú àgbàlagbà ṣe lè yí padà. Ó pọ́n, ó funfun, ó le koko. "Ìwọ? Ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi ní òdo? Nínú ilé mi?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò ní gé e. Kì í ṣe pé mi ò lè gé e."

"Jáde."

Ó fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó jáde. Ẹ mọ̀ pé ó lè dúró de Tíṣà lẹ́nu ọ̀nà, kó rojọ́ fún un. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bàbá tó ń kun bàtà ọmọ, òun ò ní jẹ́ kí ọmọ wò ó bí ẹni tí ọgbọ́n ti rẹ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ìṣe ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, a ó dé ibẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé dé. Aago mẹ́wàá lù, mọ́kànlá lù. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wo aago. Nígbà tó di ọ̀sán, Tíṣà bọ́ sọ́nà, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó bá gíláàsì náà lórí tábìlì, odindi, kò sí ilà kankan lára rẹ̀.

"Ara rẹ ò yá?"

"Ara mi yá."

"Kí ló wá dé tó ò gé e?"

"Mi ò lè gé e bó ṣe wà. Bi bàbá rẹ."

"Mo bi í. Ó ní o ò mú un wá, ó tán. Ìwọ ni mò ń bi. Ṣé o ò lè kà á ni? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó ò wá bá mi?"

Onígíláàsì wo ilẹ̀. "Mi ò lè sọ ọ́."

"Oṣù mẹ́rin," ni Tíṣà wí. "Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ohun tó ò lè ṣe. O tiẹ̀ ò gbìyànjú." Ó yí padà kó tó sunkún lójú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, wọn ò ríra. Tíṣà ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ń nu bọ́ọ̀dù kó tó ní kí wọ́n nù ún. Nílé, oúnjẹ ń tutù níwájú rẹ̀. Bàbá ń wò ó. Ọmọ tó ti ń dá orin kọ láti kékeré, kò dá orin kankan mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Bàbá dìde, ó mú téèpù ìwọnlẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ wá. "Wá bá mi di etí kejì mú," ló wí fún un. "Ojú mi ò ríran tó bó ṣe yẹ mọ́. Ka ìbú fèrèsé yìí fún mi."

Tíṣà fa téèpù. "Mítà méjì póìntì mẹ́ta òdo márùn-ún."

"Tún un kà."

"Mẹ́ta òdo márùn-ún, Bàbá mi."

"Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá fa ìwé kékeré kan yọ lápò, ó ṣí i, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kedere: 2.035.

Tíṣà wo téèpù, ó wo ìwé. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà láàárín méjèèjì. Gíláàsì tí wọ́n bá gé báyẹn, kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. "Ó mọ̀," ló wí jẹ́jẹ́.

"Ó mọ̀. Ó wá bá mi lọ́jọ́ tó ṣáájú Sátidé yẹn, ó sọ ọ́ fún mi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Mo lé e."

"Kò sọ fún mi."

"Mo ń dúró kó sọ fún ọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń dúró kó o wọlé wá bá mi jà. Ìgbà tó ò bá mi jà ni mo mọ irú èèyàn tó jẹ́."

Bàbá jókòó. Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnì kan láti ogójì ọdún. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó wọn ilẹ̀ fún tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan. Ó kọ 40.06 síbi tó yẹ kó kọ 40.60. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò yẹn jà sí ààlà náà, ìkínní ní ìkejì jalè. Nígbà tí òun rí àṣìṣe náà, òun tún un ṣe, ṣùgbọ́n òun ò lójú láti lọ sọ fún wọn pé òun ló fà á. Wọn ò sọ̀rọ̀ síra wọn mọ́ títí tí ẹ̀gbọ́n fi kú.

"Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ka gbogbo nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mẹta," ló wí. "Mo rò pé mo ti san án tán. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá dúró níwájú mi, ó ní òdo mi ti ṣí nílé. Kì í ṣe òun ni mò ń lé, ọmọ mi."

Inú bí Tíṣà. Ó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ lójúkojú pé inú ń bí òun, pé ọ̀sẹ̀ méjì ni òun fi ń ro ẹni tó nífẹ̀ẹ́ òun sí ọ̀lẹ. Bàbá gbà á, kò jiyàn. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó di bàbá rẹ̀ mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì wọ ṣọ́ọ̀bù. Onígíláàsì dìde fùú.

"Mo wá tọrọ àforíjì," ni Bàbá wí.

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó ti wà lọ́fun mi tipẹ́, ó sì ju ti fèrèsé lọ." Ó na ìwé tuntun sí i. Ó ti tú u ká fúnra rẹ̀: 2 + 3/10 + 0/100 + 5/1000. "Kálukú ti padà sílé rẹ̀. Gé e, kí n di etí rúlà mú fún ọ."

Wọ́n tẹ́ rúlà gígùn sórí gíláàsì. Bàbá dì í mú gírígírí. Onígíláàsì fa irin lẹ́ẹ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi ìka kàn án lábẹ́, ó pín. Bàbá fọwọ́ pa etí gíláàsì náà, ó mi orí pé ó dáa. Ó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn, ó sì bọ́ síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé atẹ́gùn wà nínú ilé.

Ó wá ku àwọn méjì.

"O jẹ́ kí n fi ọ̀sẹ̀ méjì sunkún," ni Tíṣà wí.

"Mo mọ̀. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, o ò ní lè wo bàbá rẹ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

"O bo bàbá mi láṣìírí, o sì tì mí mọ́ta. Mo dúpẹ́ ti àkọ́kọ́. Mi ò gba ìkejì, mi ò sì ní gbà á láéláé."

"Mo ṣàṣìṣe."

"Bí ìtìjú bá dé, ìbáà jẹ́ tèmi, ìbáà jẹ́ tìrẹ, ìbáà jẹ́ ti bàbá mi, àwa méjèèjì la máa jọ gbé e."

"A ó jọ gbé e." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò rántí pé ọwọ́ òun kún fún eruku. "Fẹ́ mi, Tíṣà. Mi ò ní fi ohunkóhun pa mọ́ fún ọ mọ́, bó o bá tiẹ̀ ń bẹ̀ mí kí n dákẹ́."

"Mo gbà," ló dáhùn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé rẹ̀.

Gíláàsì yẹn wúwo ju ohun tí ẹnì kan lè dá gbé lọ. Onígíláàsì ní òun á lọ wá ẹnì kan láti òdìkejì títì, kó bá òun gbé e. Tíṣà ti bọ́ bàtà onígìgísẹ̀ rẹ̀, ó ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti dé etí kejì. Onígíláàsì kọ́ ọ níbi tó máa fọwọ́ dì mú àti bó ṣe máa gbé ẹsẹ̀. Wọ́n kà á dé mẹ́ta, wọ́n gbé e.

Wọ́n bọ́ sí títì pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ wọn bára mu. Bàbá Awọnlẹ̀ wà níwájú wọn, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀ pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà díẹ̀, àwọn ọmọ mi ń kọjá.